Òógùn Tó Pọ̀ Jù Náà Ní Oògùn

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó fi ìlú Kánò ṣe ibùgbé, lọ́dọọdún ni a máa ń ka ọ̀rọ̀ nípa ìtàn wa, àṣà wa àti ìṣọ̀kan wa nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlera kan kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ òógùn ni. Kì í ṣe òógùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára ni mo ń wí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oòrùn oṣù kẹrin tí gbogbo wa jọ ń jìyà rẹ̀ ní Sabon Gari. Òógùn tó ń sun láìsí oòrùn, láìsí iṣẹ́, tí ọyẹ́ pàápàá kò lè dá dúró, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Télọ̀ ni mí. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa yóò mọ̀ pé ọwọ́ gbígbẹ jẹ́ ara irinṣẹ́ télọ̀. Àmọ́ láti kékeré ni àtẹ́lẹwọ́ mi ti máa ń rin. Nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń fi bébà mìíràn tẹ́ abẹ́ ọwọ́ kí yíǹkì má baà ṣàn. Nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ ń dípẹtà lọ́wọ́ mi kíákíá, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ya ìlà ń parẹ́, ibi tí mo bá sì ti di sátínnì mú, àmì ìka mi á hàn níbẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ kì í kúrò léjìká mi. Oníbàárà tó gbé ojúlówó ṣáddà wá láti Kantin Kwari kò fẹ́ gba àbàwọ́n padà.

Nílé lọ́hùn-ún, ìdọ̀bálẹ̀ lè gba ènìyàn sílẹ̀, nítorí a kì í bọ àgbà lọ́wọ́. Nílẹ̀ Hausa tí a wà yìí, ọwọ́ ni ọkùnrin fi ń kí ọkùnrin, ìbáà ṣe lọ́jà, lẹ́yìn ìrun tàbí níbi ìsọmọlórúkọ. Mo ti rí ẹni tó bọ̀ mí lọ́wọ́ tán, tó rọra nu tirẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. Òmíràn á wo ojú mi, á ní, “Lafiya kuwa?”, bí ẹni pé ẹ̀rù kan ló ń bà mí. Nígbà tí ètò BVN bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, tí wọ́n ní kí a wá tẹ ìka, ẹ̀rọ kọ̀ láti ka ìka mi nítorí omi. Mo nù ún, mo tún un tẹ̀, ó tún kọ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwa. Bí a bá fi ọwọ́ pamọ́ sápò, bí a bá wọ dúdú ní gbogbo ìgbà kí abíyá má baà fi wá hàn, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí à ń fara dà. Àwọn tó bá sì mọ̀, wọ́n á ní ojo ni wá, tàbí pé a kì í wẹ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn á ní kí a lọ wádìí, bóyá ọwọ́ ayé ni.

Ọmọbìnrin mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ dókítà. Ó wà lọ́mọ ọdún 11 nígbà tí olùkọ́ kan dá ìwé rẹ̀ padà pé ó ti rin, ó sì ti dọ̀tí. Nígbà tó délé, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, omi ń dán níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dán lọ́wọ́ èmi náà. Ó ní, “Bàbá mi, ṣé bó ṣe máa rí lọ nìyí?” Mo mọ iye ìwé tó ṣì kù tó máa kọ láyé, mo mọ iye ẹ̀rọ tó máa tẹ ìka sí. Ìdánwò JAMB pàápàá, ìka ni wọ́n fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a jọ lọ rí dókítà awọ ara.

Dókítà jẹ́ kó yé wa pé àìsàn ni, ó sì ní orúkọ: hyperhidrosis. Ó ní orísun òógùn kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ ènìyàn kan tó mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ wá láti ọpọlọ ló ń sọ fún wọn ìgbà tí wọn yóò tú omi jáde kí ara lè tutù. Lára àwa kan, iṣan yìí ń rán iṣẹ́ ní àránjù. Kò sí ẹ̀gbin nínú rẹ̀. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ kò ní òórùn rárá. Ti abíyá náà, kòkòrò àìfojúrí tó wà lára awọ ló ń sọ ọ́ di olóòórùn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004 fi hàn pé bí ènìyàn 3 nínú 100 níbẹ̀ ló ní in. Nítorí náà, a kò dá nìkan wà.

Dókítà bi wá ní ìbéèrè púpọ̀. Ṣé ọwọ́ méjèèjì ni? Ṣé láti ìgbà èwe ni? Ṣé ẹlòmíràn ní in nínú ìdílé? Ṣé ó máa ń dáwọ́ dúró bí a bá sùn? Bẹ́ẹ̀ ni la dáhùn sí gbogbo rẹ̀. Ó ní irú tiwa, tó sábà máa ń jẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀, abíyá tàbí ojú, kì í pa ènìyàn, ó sì lè jẹ́ àjogúnbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí: bí òógùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbà, tó bá gba gbogbo ara, tó bá ń rin aṣọ ìbùsùn lóru, tàbí tí ara ń rù, tí ibà ń ṣe ènìyàn, tí ikọ́ kò lọ, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀yà ara ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ló lọ sílẹ̀ jù. Oògùn mìíràn tí a ń lò lè fà á. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró náà lè rí i. Bí òógùn bá sì dé lójijì pẹ̀lú àyà dídùn, kí á má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí á gbà lọ.

Ní ti ìtọ́jú, bí ẹni gun àkàsọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni oògùn ìpara tó ní aluminium chloride nínú. Ẹ má ṣe ṣi í mú fún lọ́fínńdà abíyá lásán, tó kàn ń bo òórùn. Èyí ń dí ẹnu ihò òógùn. Alẹ́ ni à ń pa á, nígbà tí òógùn ti rọlẹ̀, lára awọ tó gbẹ dáadáa, a ó sì fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Bí awọ bá rin, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun abíyá, yóò ta ènìyàn gan-an. Alaalẹ́ ni a ó máa lò ó títí òógùn yóò fi dínkù, lẹ́yìn náà ó lè di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn oníwádìí kò rí ẹ̀rí tó dájú fún ìyẹn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà.

Èkejì wà fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Wọ́n ń pè é ní iontophoresis. A ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná tí kò tó nǹkan yóò máa gba inú omi náà kọjá fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi wáyà ilé dán an wò o!

Ẹ̀kẹta ni oògùn oníhóró bíi oxybutynin àti glycopyrrolate, tí dókítà nìkan lè kọ fún ni. Wọ́n ń mú ẹnu gbẹ, wọ́n sì lè fa àìrígbẹ̀ẹ́yà. Nílùú olóoru bíi tiwa, wọ́n lè jẹ́ kí ara gbóná kọjá ààlà, nítorí òógùn ló ń tu ara lára. Abẹ́rẹ́ botulinum toxin náà wà, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún abíyá ní ọdún 2004. Ó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà a ó tún un gbà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé iṣan láti inú àyà ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ọwọ́ lè gbẹ, àmọ́ òógùn lè ṣí lọ sí ẹ̀yìn, ikùn àti itan, ohun tí a sì ti gé kò rọrùn láti dá padà. Ìwádìí kò dúró o: ní ọdún 2018 àti 2024, wọ́n tún fọwọ́ sí oògùn tuntun fún abíyá ní Amẹ́ríkà.

Kí ló wá ṣiṣẹ́ fún wa? Ìpara alẹ́ ló gba abíyá mi là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ti ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ojú ọ̀run báyìí, àwọ̀ tí mo ti pa tì tipẹ́. Ní ti ọwọ́, hóró oògùn díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Nígbà ọyẹ́ ni mo ń lò ó. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí ooru Kánò ń súnmọ́ 40, dókítà ní kí n dá a dúró. Ọmọ mi ń ki ọwọ́ bọmi ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó kọ ojú ìwé méjì láìfi bébà tẹ́ abẹ́ ọwọ́. Kò gbẹ tán bí ọwọ́ ẹlòmíràn, bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi á padà. Ṣùgbọ́n ó ti ń nawọ́ sókè ní kíláàsì, ìyẹn sì tó mi ọpẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fi ọwọ́ pamọ́, ẹ má bá a wí, ẹ bi í. Ẹ̀yin olùkọ́ àárín wa, ìwé tó rin kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀bùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wọ aṣọ òwú, ẹ ní bàtà méjì tí ẹ ó máa pààrọ̀ kí ọ̀kan lè gbẹ, ẹ sì máa mu omi dáadáa. Mo tún bẹ ẹgbẹ́ wa pé nígbàkigbà tí a bá pe àwọn dókítà wá láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò, kí a pe dókítà awọ ara mọ́ wọn.

Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ẹ bá rí mi ní ìpàdé, ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, kí ẹ sì bi mí ní ohunkóhun tó bá kù. Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà, yóò sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa máa gbòòrò sí i ní ilẹ̀ àlejò yìí. Àmín.