Àwa Ọmọ Ẹ̀yìn Ogun àti Ìjà Ọ̀rẹ̀

Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹnu lásán la fi mọ ìjà Ọ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá gbóná, bí orogún méjì bá gbéná wojú ara wọn ládùúgbò, a ó pariwo pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" A ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìlú Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Benin ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun ni lójú wa. Ta ló ń rántí òkú níbi tí wọ́n ti ń gún iyán?

Bẹ́ẹ̀ ogun náà kù díẹ̀ kó wọlé tọ̀ wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra, ìyẹn Ìlà-Oòrùn tó ti ya kúrò lára Nàìjíríà, gba orí afárá Asaba kọjá, wọ́n sì gba Benin lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Yorùbá ló ṣáájú wọn, Victor Banjo. Èkó ló kàn. Ṣùgbọ́n Banjo dúró ní Benin, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọjọ́ sì ń lọ. Nígbà tí wọn yóò fi dé Ọ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti ráyè kó ọmọ ogun jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lé wọn padà. Nígbà tó di 20 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Murtala Mohammed ṣáájú ti gba Benin padà. Ní 22, Biafra fúnra rẹ̀ yìnbọn pa Banjo àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní Enugu, ó ní wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu, olórí Biafra.

Nílé ìwé, kò sẹ́ni tó dárúkọ Banjo fún wa. Ọ̀tá ni lójú ìjọba àpapọ̀, ọlọ̀tẹ̀ ni lójú Biafra. Ta ni yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé ọmọdé?

Kí ìbọn tó dún ní Ọ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá ló ń ṣe iyèméjì lórí ogun náà. Awólọ́wọ̀ gan-an, aṣáájú Yorùbá, ti sọ lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn kúrò ní Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn náà kò ní dúró. Nígbà tí ogun wá dé ẹnu ọ̀nà, iyèméjì tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tí ìran wa kò kà sí rárá ni ibi tí ogun náà gbà lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan náà tí Biafra gbà wá ni ọmọ ogun ìjọba gbà lé wọn, ó sì já sí Asaba. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn fẹ́. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ya ọkùnrin sọ́tọ̀, àtàgbà àtọmọdé, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ló kú. A kò lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún gba pé Ọ̀rẹ̀ ló kó wa yọ, kí a máa fi tòsì ti Asaba sẹ́yìn.

Àwọn tó jà ní Ọ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà láyé ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún. Ìwọ tí bàbá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wà lára wọn, jọ̀wọ́, jókòó tì wọ́n, kí o gba ohùn wọn sórí fóònù. Kí o sì bi wọ́n léèrè Asaba náà.