A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìrìn Àjò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Ọba

 Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin abiyamọ àti ẹ̀yin ìyàwó ilé ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ. Bí ènìyàn wa bá dé ìlú náà, ọjà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kò burú, nítorí pé a kò lè ti ìrìn àjò dé kí a má ra nǹkan bọ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé kan wà létí odò Thames tí mo fẹ́ kí ẹ yà wò kí ẹ tó padà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òfin ìlú Ọba, níbẹ̀ náà ni a sì ti ṣe òfin tí ó sọ Nàìjíríà di òmìnira ní ọdún 1960. Kì í ṣe ẹwà ilé náà nìkan ni mo ní kí ẹ lọ wò. Ìtàn àwọn ìyá wà lára ògiri rẹ̀, lára fèrèsé rẹ̀, àti nínú yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí pàápàá.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yóò sọ yín kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Westminster. Bí ẹ bá ti gòkè báyìí, ilé ìṣọ́ gíga tí aago ńlá wà lára rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe ilé ìṣọ́ náà ní Big Ben, ṣùgbọ́n agogo ńlá tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1859 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ilé aṣòfin náà nà lọ gbọọrọ lẹ́bàá odò. Yàrá tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,100. Wọn yóò yẹ àpò yín wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn èyí ni ẹ óò wọlé.

Gbọ̀ngàn Westminster ni ẹ óò kọ́kọ́ dé. Ọdún 1097 ni wọ́n kọ́ ọ, èyí ni pé ó ti lé ní 900 ọdún. Ẹ gbójú sókè wo òrùlé rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe é ní ayé Ọba Richard Kejì, ó fẹ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kò sí òpó kan ṣoṣo tí ó gbé e ró láàárín. Gbọ̀ngàn yìí wà lára ìwọ̀nba ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ilé àtijọ́, nítorí pé iná jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé náà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1834.

Ohun tí ó fa iná náà yóò yà yín lẹ́nu. Láyé àtijọ́, igi pẹlẹbẹ ni ìjọba fi ń ka owó. Wọn a gé ìlà sí i lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ọlọ́jà ti í fa ìlà sára ògiri kí wọn má baà gbàgbé gbèsè. Nígbà tí àwọn igi wọ̀nyí kò wúlò mọ́, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì dáná sun wọ́n nínú ààrò tí ó wà lábẹ́ ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì wọ́n bọ ààrò láìdáwọ́ dúró láti òwúrọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, obìnrin kan tí ó jẹ́ olùtọ́jú ilé, Ìyáàfin Wright, mú àlejò wọlé, ooru ilẹ̀ sì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn wọlé. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, iná ti sọ. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin lè tọ́jú ilé náà nígbà náà, ó lè gbá a, ó lè fi han àlejò. Ṣùgbọ́n kò lè là ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Láti inú gbọ̀ngàn náà ni ẹ óò ti gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn St Stephen. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni ilé ìsìn kan wà tẹ́lẹ̀ tí àwọn aṣòfin fi ṣe ibùjókòó fún nǹkan bí ọdún 280, kí iná ọdún 1834 tó jó o. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi òfin de òwò ẹrú lórí òkun ní ọdún 1807. Òfin náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé òun ni ó gbé ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dé etíkun wa, tí wọ́n fi gba ọmọdékùnrin Ọ̀ṣoògùn kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther, ẹni tí ó wá di bíṣọ́ọ̀bù, tí ó sì túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn obìnrin wà nígbà tí wọ́n ń jiyàn irú òfin bẹ́ẹ̀? Inú àjà ni wọ́n wà. Láti ọdún 1778 ni wọ́n ti lé wọn kúrò níbi ìjókòó àlejò. Àwọn tí ọkàn wọn kò gbà bẹ́ẹ̀ a gun orí àjà, níbi tí ihò kan wà tí ooru àti èéfín àbẹ́là ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ihò yìí ni wọn a jókòó yí ká, wọn a tẹ ojú wọn mọ́ àlàfo kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀, wọn a máa wo àtàrí àwọn ọkùnrin tí ń ṣòfin nísàlẹ̀, èéfín a sì máa ta sí wọn lójú.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìyá kan fún yín kí ẹ lè mọ bí irú fífá bẹ́ẹ̀ ti dùn tó. Caroline Norton ni orúkọ rẹ̀, òǹkọ̀wé ni. Ní ọdún 1836, òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà, ọkọ sì kó àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Òfin ìgbà náà ní baba nìkan ni ó ni ọmọ. Ìyá tí ó lóyún tí ó sì fún un lọ́mú kò ní ẹ̀tọ́ láti rí i bí baba kò bá fẹ́. Obìnrin yìí gbé kálàmù, ó kọ̀wé títí, ó sì rí àwọn aṣòfin tí ó gba ọ̀ràn náà rò, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò lè dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ní ọdún 1839 òfin titun jáde: ìyá lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méje wà lọ́dọ̀ òun. Ọ̀pọ̀ abiyamọ jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sí Scotland, níbi tí òfin náà kò dé. Ní ọdún 1842 ni àbíkẹ́yìn wọn, William, ṣubú lórí ẹṣin, ó sì fara pa. Kí ìyá rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ má tíì kúrò ní gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ère òkúta wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ wo ẹsẹ̀ ère Falkland dáadáa, ẹ óò rí i pé irin gìgísẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí a fi ń gún ẹṣin, ti ṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1909, àwọn obìnrin mẹ́rin tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò fi ẹ̀wọ̀n de ara wọn mọ́ àwọn ère náà. Níbi tí wọ́n ti ń já ọ̀kan nínú wọn kúrò ni irin náà ti ṣẹ́.

Ẹ ó wá dé Gbọ̀ngàn Àárín, tí ó ní igun mẹ́jọ. Ẹ wo àwọn fèrèsé rẹ̀; ẹ óò rí irin tí a hun bí àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà kọ́ lẹ́yìn iná, wọ́n ṣe àyè ìjókòó fún àwọn obìnrin ní òkè, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin yìí dí i níwájú, kí ojú obìnrin má baà da ọkàn àwọn aṣòfin láàmú. Àgò ni àwọn ènìyàn ń pè é, bí ẹni pé adìẹ ni wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1908, Muriel Matters àti Helen Fox fi ẹ̀wọ̀n de ara wọn mọ́ irin náà, Muriel sì gba ibẹ̀ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Wọn kò rí ẹ̀wọ̀n náà já; irin náà ni wọ́n tú kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì gbé òun àti àwọn obìnrin náà jáde pọ̀. Ọdún 1917 ni wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ilé ìsìn kékeré kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí a kì í sábà ṣí fún àlejò. Níbẹ̀ ni àwọn aṣòfin ti máa ń ṣe ìsàmì ọmọ wọn, tí wọ́n sì ń ṣe ìgbéyàwó fún wọn. Ní òru ìkànìyàn ọdún 1911, Emily Wilding Davison fara pamọ́ sí yàrá ìgbálẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ilé aṣòfin ni a óò kọ sílẹ̀ fún ibi tí ó sùn. Wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1913, ó bọ́ síwájú ẹṣin ọba níbi ìdíje, ó sì kú. Àwo ìrántí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìgbálẹ̀ náà.

Nígbà tí àwọn aṣòfin bá ń jókòó, ẹnikẹ́ni lè gòkè lọ sí ibi ìjókòó àlejò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹ̀wù àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn kò tóbi tó bí ẹ ti lè rò. Bọ́m̀bù ba ti àtijọ́ jẹ́ ní ọdún 1941, wọ́n sì ṣí titun ní ọdún 1950. Onírúurú orílẹ̀-èdè fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá ń dìbò níbẹ̀, ọ̀nà kan ni àwọn tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni ń gbà kọjá, ọ̀nà mìíràn sì ni ti àwọn tí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun èlò ìjókòó tí Nàìjíríà fi ta wọ́n lọ́rẹ, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n kó o sí.

Ọdún 1918 ni àwọn obìnrin tí ó ti pé 30 ọdún, tí wọ́n sì ní ìwọ̀n ohun ìní tí òfin là sílẹ̀, kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ọdún 1928 ni ẹ̀tọ́ wọn tó wá dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin. Nancy Astor, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó nínú ìyẹ̀wù náà, ní ọdún 1919. Ọdún 1987 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Diane Abbott, wọ ibẹ̀. Nínú ìbò ọdún 2024, obìnrin 263 ni a yàn nínú aṣòfin 650. Ní ọdún 2010, wọ́n sọ ilé ọtí àwọn aṣòfin kan di ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn pé ìyá ti wọ ilé náà.

Bí ẹ bá jáde, ẹ yà sí ọgbà Victoria Tower tí ó wà létí odò. Ère Emmeline Pankhurst, aṣáájú àwọn tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1930. Kò jìnnà sí orísun omi Buxton, tí a kọ́ fún ìrántí ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Ní gbàgede iwájú ilé aṣòfin, ẹ óò rí ère Nelson Mandela. Ère obìnrin kò sí láàárín àwọn tí ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 2018, nígbà tí wọ́n gbé ti Millicent Fawcett kalẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa pé obìnrin lè bá ìlú gbìmọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin wọn ń yọjú láti inú àgò, Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà nínú ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, Ìyálóde Tinúbú sì wà ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1947, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, dé Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn aṣojú tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán lọ. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ pé obìnrin wa ní ipò tirẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó dé, àti pé ìjọba náà gan-an ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1960, Ìyáàfin Wúràọlá Ẹ̀san láti Ìbàdàn di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Nàìjíríà. Síbẹ̀, nínú aṣòfin àgbà 109 tí ó jáde nínú ìbò ọdún 2023, àwọn obìnrin kò pé mẹ́wàá. Orí wa ni wọ́n ń fá lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, ẹ rántí pé òfin gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò níbẹ̀. Ẹ má fi du ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní ìpínlẹ̀ yín. Ní ọjọ́ ìsinmi ilé ìwé kan, ẹ wẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ wọṣọ fún wọn, kí ẹ sì mú wọn lọ wò ó, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Ẹ fi ibi tí aṣòfin àdúgbò yín ń jókòó sí hàn wọ́n, kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ ẹnu ọ̀nà ilé náà láti kékeré kò ní í máa wá ihò tí yóò gbà yọjú bí ó bá dàgbà.