Ó Lè Gba Ọ̀dọ̀ Mi Wá

Ẹ̀gùá,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú mi dùn pé wọ́n gbà ọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ DNA jẹjẹrẹ wò n'Ìbàdàn. Ìyá rẹ ní ṣé nọ́ọ̀sì lo wá dà ni. Mo ní rárá, ìṣirò ṣì ni.

Mo ti ka ohun tí o fi ránṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé di jẹjẹrẹ: bó ṣe ń pín ló ń da DNA rẹ̀ kọ, àṣìkọ ń wọ̀ ọ́, ọ̀kan ń gun orí èkejì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, tí wọ́n máa ń da nóòtì kọ lára ara wọn. Mo máa ń tẹ́ ìwé wọn sórí tábìlì: àṣìṣe tó bá wà nínú gbogbo rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, èyí tó wà nínú méjì péré, ẹ̀yìn ló dé. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú nínú kókó ọyàn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, tí wọ́n ti ka DNA kókó 97 láti Nàìjíríà, àwọn obìnrin tí jíìnì GATA3 inú kókó wọn tètè bàjẹ́ fi nǹkan bí ọdún 10.5 kéré lọ́jọ́ orí sí àwọn yòókù nígbà tí àyẹ̀wò gbé àrùn náà jáde.

Ìwádìí ti 2018 ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé ti Yunifásítì Chicago àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò. Ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló gbé jíìnì tó ti bàjẹ́ wáyé; BRCA1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe DNA tó já, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lára 997 tí kò ní àrùn náà, ìdá 1.8 péré ni.

Ó rán mi létí àbúrò mi obìnrin tó ń ta gàrí, tí o ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún tí ọyàn òsì rẹ̀ fi le. Ọ̀já ló máa ń fi dì í pinpin kó tó gbé agbọ̀n rù. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti gbà pé kò kàn ọ́, pé ilé ìyá ni àìsàn ọyàn ń bá wá. Irọ́ gbáà! Ìdajì DNA rẹ, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ọkùnrin lè gbé BRCA1 tó bàjẹ́ kiri kó má mọ̀ ọ́n lára, kó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí jíìnì tó bàjẹ́ kò bá sí lára mi, kò lè ti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìyẹn ò ní kí o má máa yẹ ọyàn rẹ wò o.

Tí a bá ti kó àgbàdo wọlé, mo ń bọ̀. Bá mi bèèrè ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn níbẹ̀, bóyá wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò jíìnì náà, iye tó jẹ́, àti bóyá mo gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà n'Ílaròó. Má tíì sọ fún ìyá rẹ. Èmi fúnra mi ni màá bá a sọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.