Kọ̀ǹpútà Inú Kíbọ́ọ̀dù: Bí A Ṣe Ń Tún Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Kọ ní Kánò

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Àìkú ní Sábọ́n Gàrí ní ìròyìn láti jẹ́ fún yín. Ó kan owó tí ẹ dá, ó sì kan àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ìlú yìí.

Gbogbo wa la mọ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà fi ọwọ́ kọ: orúkọ olúkúlùkù, ìlú rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀. Ikán ti ń jẹ ẹ́, kò sì sí àmì ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọkùnrin kan ka orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ níbẹ̀. Òjó ni bàbá náà ń jẹ́, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wáyé. Ṣùgbọ́n "ojo" ni ọmọ náà pè é, bí ẹni pé ẹ̀rù ló máa ń ba bàbá náà. Àwa tó yẹ ká tọ́ ọ sọ́nà, ẹ̀rín la bú sí. Ọmọ náà sunkún, odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi wá sí kíláàsì mọ́.

Ẹ̀bi wa ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ kò bá wá mọ bí a ti ń pe orúkọ náà, ilé wo ló kù tí yóò wò?

A pinnu pé àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò tẹ ìwé náà, pẹ̀lú àmì. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa kò tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, kọ̀ǹpútà ńlá sì ń fẹ́ gẹnẹrétọ̀. Arákùnrin wa kan tó ń tún nǹkan ṣe ní Beirut Road ló sọ fún wa nípa Raspberry Pi, tí àwọn kan ṣe ní ìlú Òyìnbó kí ọmọdé lè fi owó díẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012 ló jáde, kò sì ju káàdì ATM lọ. Ó ní inú kíbọ́ọ̀dù ni ká kì í sí. Èyí kì í ṣe tuntun: bẹ́ẹ̀ ni BBC Micro ti ọdún 1981 àti Commodore 64 ti ọdún 1982 ṣe rí. Àwọn tó ṣe Raspberry Pi náà gbé irú rẹ̀, Raspberry Pi 400, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Ṣùgbọ́n tiwọn kò ní àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún tí Bàbá Akápò fi ń ṣírò owó, àwa sì ti ní kíbọ́ọ̀dù ńlá kan nílẹ̀.

Raspberry Pi 3 la kọ́kọ́ rà. Ihò USB rẹ̀ ga jù, ìdérí kíbọ́ọ̀dù kò pa dé. A fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan irin pẹlẹbẹ tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù. Bí a ti tan iná sí i, òórùn jíjóná la gbọ́. Owó yín jóná lójú wa. A lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Akápò. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti san owó ilé ìwé. Ẹ lọ kà á tán."

Lẹ́ẹ̀kejì, Raspberry Pi Zero 2 W la rà, tí kò ju milimítà 65 sí 30 lọ. A gé ike abọ́ áìsìkiriìmù tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà kan irin. A bọ́ èèpo pín-ín-USB kékeré kan, a sì so wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ti máòsì mọ́ ọn. Bí ìgbóná rẹ̀ bá tó 80°C, ṣe ló máa ń dẹ ìrìn rẹ̀, ẹ sì mọ ooru Kánò ní oṣù Kẹrin. Nítorí náà a lẹ alumíníọ̀mù mọ́ ọpọlọ rẹ̀, a sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Iná fóltì 5 ló ń lò. Bí NEPA bá mú iná lọ, páwà báńkì fóònù tó o. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì fóltì 12 la fi ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fa wáyà rẹ̀ yọ o; ẹ kọ́kọ́ pa á bó ti yẹ, kí káàdì inú rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Ètò Linux tó wà nínú rẹ̀ ní ìlànà títẹ̀ ti Nàìjíríà, tó ní ti Yorùbá nínú. Ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ń jáde kedere.

A lọ bẹ ọmọ náà nílé wọn, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ tẹ orúkọ: Òjó. Ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀ lé e, ó sì kà á sókè. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ bí wọ́n ti ń pe orúkọ agbo ilé yín. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá jókòó ti àwọn ọmọ ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ pè é sí wọn létí nígbà tí ohùn yín ṣì ń dún. Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kó má jẹ́ kí ọmọ wa sọ ilé nù. Àmín.