Láti Orí Bọ́tìnnì Dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde l'Abẹ́òkúta. Lẹ́tà òjé ni àwọn atẹ̀wé ìgbà náà ń tò: èyí tí ọwọ́ wọn bá mú ni yóò hàn lórí ìwé. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìpè òkú ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà n'Ìjẹmọ̀, nílùú Abẹ́òkúta kan náà, lónìí kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, sọ́fítíwíà ló kọ́kọ́ gbà á, òun ni yóò sì pinnu lẹ́tà tó jẹ́ àti fèrèsé tó máa bọ́ sí.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, X Window System tí wọ́n ṣẹ̀dá ní MIT lọ́dún 1984 ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n X kì í pa àṣírí mọ́: ètò kan lè máa ka gbogbo ohun tí à ń tẹ̀ sínú òmíràn, títí kan ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ àkáǹtì báńkì. Wayland, ètò tó ń rọ́pò X, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, kọ ìyẹn sílẹ̀. Fèrèsé tí èèyàn ń kọ̀wé sí nìkan ló ń gbọ́. Ìpinnu rere ni.

Ààbò nìkan kò tó fún Yorùbá.

Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan la ń so pọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ibi tí wàhálà wà nìyí, torí pé ètò kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń so ó lọ́nà tirẹ̀. Òmíràn á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Nínú òmíràn, bí a bá fẹ́ pa lẹ́tà rẹ́, àmì nìkan ni yóò lọ. Báyìí ni orúkọ olóògbé ṣe ń jáde láìpé lórí pósítà.

Ó dára jù kí ibì kan ṣoṣo máa so lẹ́tà mọ́ àmì, kí ọ̀rọ̀ tó dé fèrèsé èyíkéyìí. Wayland ní ọ̀nà fún un. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux, YorubaName, iṣẹ́ àkójọ orúkọ Yorùbá lórí ayélujára, náà sì ti gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde fún Windows àti Mac.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì FUNAAB l'Abẹ́òkúta, gbangba ni iṣẹ́ Wayland yìí wà. Ẹ fi orúkọ àwọn òbí yín dán an wò, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó ti kùnà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é.