Ọ̀rẹ́ Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Bí o bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ sọ òótọ́ fún ọ, ẹ jọ wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Ògùn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tukọ̀ láti Ìṣẹ́rí lọ sísàlẹ̀ odò nígbà ọlidé Ògọ́ọ̀sì, tí òjò sinmi díẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí kùkùté igi tó fara pamọ́ sábẹ́ omi, ẹni ẹ̀yìn ló ń fi àjẹ̀ darí. Ará iwájú kì í rí ojú ará ẹ̀yìn, àfi kó máa pariwo "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó ṣòro í sọ lójúkojú fi ń jáde wẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ owó tó jẹ mí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò sì ráyè bínú, torí mo ń fi ike gbọ́n omi inú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, odò yìí ni iyọ̀ àti aṣọ ń gbà gòkè láti Èkó dé èbúté Aró l'Ábẹ́òkúta, tí epo pupa sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo iye àṣírí tí àwọn atukọ̀ ìgbà náà á ti gbọ́!

Gbèsè ṣì wà nílẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ mi ní ó di ìparí oṣù.