Etí Ni Kọ̀ǹpútà Wa Kò Ní

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí, bóyá yóò ṣe ẹnìkan nínú yín láǹfààní.

Nínú ọ́fíìsì mọ́sáláásí wa ní Ajégúnlẹ̀ ni ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan wà, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì. Tòkunbọ̀ ni. Èmi ni akọ̀wé, inú rẹ̀ ni mo sì kọ orúkọ àwọn opó tí à ń fún ní sàká sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì wọn. Ṣùgbọ́n kò lè gba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí báńkì, n óò dà á sínú fláàṣì, n óò kọjá Boundary lọ sí Àpápá, kí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ará ìlú bá mi fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé fláàṣì sára ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí mo padà dé, ọmọkùnrin kan ń ka orúkọ àwọn obìnrin wa sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí ìyẹn ti dunni tó. Obìnrin tí ó ti ń pa ìyà mọ́ra, kí àṣírí rẹ̀ wá tú láti ọwọ́ mi! Àmánà ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. N kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo ní kí a ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó kù díẹ̀ kí a fa ọwọ́ sí owó àwọn opó fúnra wọn, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wọn, tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni ó gbà wá. Ó ní, "Ààfáà, orí ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Etí ni kò ní."

Ó kọ́kọ́ fi wáyà so fóònù mi mọ́ ọn, ó tẹ ojú fóònù díẹ̀, dátà mi sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìná kọ́bọ̀ lórí ohun èlò. Lẹ́yìn náà ó ra etí náà ní Computer Village, Ìkẹjà: ohun kékeré bí èékánná, tí a ń tì bọ ojú ihò USB, tí ń gba wáífáì.

Ṣùgbọ́n kí ó tó tì í bọ̀ ọ́, ó yọ Windows 7 kúrò, nítorí Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ààbò rẹ̀ ní 14 January 2020. Ó ní ẹ̀rọ tí ó ní etí, olè náà lè bá a sọ̀rọ̀. Linux ni ó fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó ti bi òǹtajà léèrè bóyá Linux mọ etí náà. Ẹni tí ń lo Windows lè nílò dráífà rẹ̀. Kí ó ti fi fláàṣì gbé e wá, nítorí ẹ̀rọ tí kò tíì ní íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wá a fúnra rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn àpótí, irin dí i lójú, kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tí a gbé e wá sí iwájú, ó gbọ́. Ìró 2.4 GHz ni a yàn, nítorí ó ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, bí 5 tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nítòsí.

Nísinsìnyí ìwé àwọn opó kì í jáde ní ọ́fíìsì mọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà sì wà lórí rẹ̀. Owó wọn pé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí a tó sọ ohun àtijọ́ nù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó kù fún un. Kí a má sì tijú láti bèèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lè pa àmánà mọ́. Àmín.